Ọ̀wẹ̀ Tí Àlejò Bẹ̀

Àwọn ará Ọ̀kà fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn gba àlejò. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ìpàdé ìlú, wọ́n ń sọ ọ́ níbi òkú, wọ́n sì ń sọ ọ́ lójú àwọn àlejò fúnra wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n gba Àsàmáù àti Jímọ̀ ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbà wọ́n gan-an ni wọn kì í sọ, nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

Ìgbìrà ni tọkọtaya náà. Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àkókó nígbà tí wọ́n dé. Ogun ti tán, àwọn ará Ọ̀kà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí àpáta tí wọ́n sá sí nígbà ogun. Ilẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀, ọwọ́ tí yóò ro ó ni kò pọ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbìrà, lápá Òkéné, ilẹ̀ tí baba Jímọ̀ fi sílẹ̀ kò tó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pín. Jímọ̀ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, Àsàmáù gbé ìkòkò àti ẹní rù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n mọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ebè tí Jímọ̀ bá kọ máa ń ga dé ìbàdí ènìyàn, òjò kì í sì í wó o.

Ẹni tó gbà wọ́n ni Abọ́dẹrìn, ọkùnrin kan tó nílẹ̀ púpọ̀, tí ọ̀rọ̀ dídùn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ro oko. Ó fi wọ́n sínú abà tó ń kó iṣu sí. Ó ní, "Ẹ máa sùn níbẹ̀. Ọmọ mi ni yín." Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè wọ́n ní ọmọ rẹ̀. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà láàárín wọn. Oko Abọ́dẹrìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ro. Bí ó bá ku agbára, wọ́n á lọ ro ilẹ̀ olókùúta tó fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an kò jẹ́ gbin nǹkan kan sí.

Nígbà náà, ọ̀nà méjì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àáró ni àkọ́kọ́. Àwọn ọkùnrin kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tó bá ṣe fún ọ, o gbọ́dọ̀ ṣe fún un. Ọ̀wẹ̀ ni èkejì. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá wà lọ́rùn rẹ̀, tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ bo òrùlé, á bẹ gbogbo àdúgbò, á se oúnjẹ, wọ́n á sì wá bá a ṣe é. Kò sí ìrànlọ́wọ́ mìíràn. Ìjọba kì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, gbígbà ló ń gbà.

Abọ́dẹrìn mú Jímọ̀ wọ ẹgbẹ́ àáró. Jímọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó rò pé wọ́n ti ka òun mọ́ ènìyàn. Ó ro oko Ládélé tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀nà, ó ro oko àwọn aládùúgbò Ládélé, àárẹ̀ kì í sì í mú un. Bí wọ́n bá bẹ ọ̀wẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń gbẹ̀yìn lọ. Kò sí ilé tuntun kan nísàlẹ̀ òkè náà tí kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ amọ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìgbìrà tí wọ́n ti wá, ẹni tó bá ti bá ọ ṣiṣẹ́ ti di ẹni tí ìwọ náà gbọ́dọ̀ bá ṣiṣẹ́. Ojú tó rí ọ lóko ni yóò jẹ́rìí rẹ. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun mìíràn. Ohun tí Jímọ̀ àti Àsàmáù gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀kà náà nìyẹn. Wọ́n gbà pé gbogbo agbára tí Jímọ̀ lò ní oko olóko wà níbì kan, pé ọjọ́ tí àwọn bá nílò rẹ̀, yóò jáde. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó.

Àsàmáù bí ọmọbìnrin kan nínú abà náà. Àwọn eku tó ń wá jẹ iṣu Abọ́dẹrìn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọmọ náà ní ìka ẹsẹ̀. Àsàmáù lọ bá Abọ́dẹrìn, ó ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé tàwọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè.

Abọ́dẹrìn kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí mo fi máa kọ̀? Ẹni tó bá ti ní ilé tirẹ̀ nílùú yìí ti di onílé. Onílé kì í sùn sí abà ẹnikẹ́ni. Oko tó bá ń ro, tirẹ̀ ni. Ẹ kọ́ ọ. Kí ẹ ṣáà rántí pé ilé tí kò bá ní òrùlé, amọ̀ lásán ni."

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Jímọ̀ ń po amọ̀, Àsàmáù ń pọn omi láti odò gun òkè, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n mọ ògiri yàrá méjì. Wọ́n gé igi, wọ́n gé bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé, wọ́n tò ó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abọ́dẹrìn kò dá wọn dúró. Ó kàn ń ránṣẹ́ pè wọ́n sóko rẹ̀ lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ìkùukùu òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ìkàrẹ́ kí ògiri tó parí. Ògiri kò tíì gbẹ. Bí òjò bá bá a láìní òrùlé, yóò yọ́, wọ́n á sì padà sábẹ́ iṣu Abọ́dẹrìn di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan kò lè bo ilé yàrá méjì kí òjò tó dé. Àfi ọ̀wẹ̀.

Jímọ̀ lọ láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn ló sọ pé àwọn ti gbọ́. Ládélé ló bá a ṣeré.

"Ìgbìrà, ṣé ẹran wà níbẹ̀?"

"Ẹran wà."

"Kí o kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ o. Kó má fi ata pa wá kí a tó gun orí òrùlé."

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín dé ilé. Ó ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ gbogbo àdúgbò kò sí nílé. Èbù nìkan ló kù, iṣu kéékèèké tí wọ́n fi pamọ́ láti gbìn nígbà tí òjò bá dé. Àsàmáù wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó gé orí àwọn iṣu náà, ó da orí àti èèpo sẹ́yìnkùlé ilé tuntun náà fún ewúrẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé ìyókù kaná. Kò pẹ́ tó rántí pé ẹran kò sí. Ó mú ewúrẹ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo tó ní, ó ní kí Jímọ̀ pa á.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Wọ́n gún iyán. Wọ́n fi ewé bò ó. Oòrùn yọ, ó gòkè, kò sí ẹni tó wá. Jímọ̀ ń ká okùn tí wọ́n fẹ́ fi di bẹẹrẹ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀, ọkọ́ ní èjìká. Ládélé yà sọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ará orí òkúta!"

Àsàmáù ló dá a lóhùn. "Ládélé, ibo lẹ ń lọ? Ibí ni ọ̀wẹ̀ wà."

"Oko Abọ́dẹrìn là ń lọ. Àáró rẹ̀ ló kàn. Òun ló ní kó jẹ́ òní."

"Àáró Jímọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni tirẹ̀ máa kàn?"

"Jímọ̀ wo?"

"Jímọ̀ yìí. Èyí tó ro oko rẹ. Èyí tó ro ti gbogbo yín."

Ládélé wo Jímọ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì rí i pé wọn kò mọ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀rín pa á. "Ìyàwó, Jímọ̀ kò sí nínú àáró. Abọ́dẹrìn ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ Abọ́dẹrìn ni ọkọ rẹ. Ọjọ́ tó ro oko mi, Abọ́dẹrìn ló ro ó, mo sì ti lọ san án fún Abọ́dẹrìn. Kò sí ẹni tó jẹ yín ní nǹkan kan."

"Ọ̀wẹ̀ tó ń bá yín ṣe ńkọ́?"

"Ìyẹn ni ẹ fi ń jókòó nílùú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa?"

"Ta lẹ bi?"

Jímọ̀ jókòó sórí bẹẹrẹ tó tò jọ. Ládélé fa imú. "Háà, ọbẹ̀ yìí ń ta sánsán. Mú ẹran kan fún mi, kí n máa jẹ ẹ́ lọ." Àsàmáù gbé ọmọrí dé ìkòkò, ó sì dúró ti ìkòkò náà títí Ládélé fi lọ.

Òun àti Jímọ̀ lọ bá Abọ́dẹrìn lóko. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo àwọn tó ń kọ ebè fún un.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Mo gbọ́ pé ẹ bẹ ọ̀wẹ̀."

"A bẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹnikẹ́ni kò wá."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa wá? Ẹ kò sọ fún mi. Ṣé bí ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́dọ̀ yín, kó máa bẹ ọ̀wẹ̀ lẹ́yìn baba rẹ̀?" Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn dọ́kàn. "Kò burú. Ẹ kò pẹ́ jù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ kan báyìí, gbogbo àwọn wọ̀nyí á sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá bo ilé yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ mi ni yóò jẹ́. Ilé tí ọ̀wẹ̀ mi bá bò, ilé mi ni. Ẹ̀yin ni yóò máa gbé inú rẹ̀ o. Ta ló fẹ́ lé yín?"

Jímọ̀ ti ń kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, Bàbá."

"A ò tíì dúpẹ́," Àsàmáù wí. "Bàbá, bí ilé bá di tiyín, oko ńkọ́?"

"Oko? Oko wà bó ṣe wà."

"Ó dàbọ̀, Bàbá."

Ó yí padà. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ebè bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní orí obìnrin Ìgbìrà yìí le. Ládélé ní òjò ni yóò mú orí náà rọ̀.

Lọ́nà, Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ilé ni ilé. Ó ní òrùlé lòun fẹ́, kí eku má jẹ ọmọ òun mọ́.

"Òrùlé ta ni?" ni Àsàmáù bi í. Jímọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọpẹ́ ni wọ́n fi bà á jẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa dúpẹ́ títí tí kò fi mọ ìgbà tí wọ́n ń ja òun lólè mọ́.

Àsàmáù gbé iyán sínú agbọ̀n, ó gbé e rù, ó ní kí Jímọ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀. Ó darí sí ọ̀nà tí ìjọba ń là láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tipátipá ni wọ́n fi kó wọn wá. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fi ọkùnrin sílẹ̀, àwọn àgbà ìlú kò sì fi àwọn ọmọ tiwọn sílẹ̀. Àwọn tó wà lórí ọ̀nà lọ́jọ́ náà wá láti Ìṣùà àti Ìkàrám. Ilé wọn jìnnà, ìyàwó wọn kò lè gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn, ìjọba kì í sì í bọ́ wọn. Ọ̀gá iṣẹ́ wọn ni Pius, ọmọ ìjọ kan tó dé fìlà òyìnbó, tó so fèrè mọ́ ọrùn.

"Kí lo gbé?" Pius bi í.

"Iyán àti ẹran ewúrẹ́."

Gbogbo àwọn tó ń wa ilẹ̀ gbé orí sókè.

"Fún ta ni?"

"Fún ẹni tó bá lè bo ilé kí òjò tó dé."

"Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe níbí, obìnrin yìí. O fẹ́ kí n tì ọ́ mọ́lé?"

"Ìjọba ti fún wọn lóúnjẹ ni?"

Ọkùnrin Ìṣùà kan dáhùn látinú kòtò. "Ìjọba fún wa ní ṣọ́bìrì. A kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é."

Pius kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀. "Itan méjèèjì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Tèmi ni wọ́n." Lẹ́yìn tó ti gbà wọ́n, ó wo ojú ọ̀run, ó sì rí i pé kò yẹ kí a máa wa ilẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú báyìí. Ó fun fèrè. Bí òfin ìjọba ṣe le tó nìyẹn.

Ìkùukùu ti bo orí òkè nígbà tí wọ́n dé ibi ilé náà. Wọ́n yí agbọ̀n iyán ká. Àsàmáù kò ṣí i.

"Lórúkọ ta ni ẹ fẹ́ fi bò ó?"

Ọkùnrin Ìṣùà yẹn ní, "Lórúkọ iyán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àsàmáù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Rárá. Lórúkọ Àsàmáù. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jẹun."

Wọ́n wo ara wọn. Ebi ń pa wọ́n ju kí wọ́n jiyàn lọ. "Lórúkọ Àsàmáù," ni gbogbo wọn wí, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu wọn. Ó wá ṣí agbọ̀n. Wọ́n jẹ, wọ́n sì gun orí ògiri. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà, nítorí wọ́n ti bo ilé tiwọn náà rí kí ìjọba tó kó wọn wá la ọ̀nà. Wọ́n gbé igi lé yàrá àkọ́kọ́, wọ́n di bẹẹrẹ mọ́ ọn, ó dí pinpin. Wọ́n ti ń gbé igi lé yàrá kejì nígbà tí ìjì dé. Òjò ńlá tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wọn sá wọ abẹ́ òrùlé tí wọ́n ti bò, wọ́n fún pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀, wọ́n ń wo bí yàrá kejì ṣe ń yọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì amọ̀ ló kù níbẹ̀.

Abọ́dẹrìn wá wò ó. Ó rìn yí i ká, ó fi ọ̀pá gún òkìtì náà.

"Ìdajì ilé," ó wí.

"Ìdajì tó ní ẹni tó ni ín, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Onílé ti dé. Kí ni onílé fẹ́ gbìn?"

Abọ́dẹrìn mọ ibi tí iyán ti wá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ó ṣe máa ń dùn. "Èbù wà lábà mi. Bí ebi bá pa yín dé ibi tó yẹ, ẹ mọ ọ̀nà abà."

Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní àkókò náà. Àsàmáù ti gbọ́ pé àwọn Mùsùlùmí Ìkàrẹ́ máa ń kó sàká jọ lẹ́yìn ààwẹ̀, àgbàdo tí wọ́n ń pín fún aláìní. Mùsùlùmí ni òun náà, ó sì gbààwẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ààwẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀. Ó pọn ọmọ, ó rìn lọ sí Ìkàrẹ́. Alfa Badmus ló ń pín in, ní iwájú ilé kéú rẹ̀.

"Ibo lo ti wá?"

"Ọ̀kà, Alfa. Ìgbìrà ni wá."

"Ta ló gbà yín lálejò níbẹ̀?"

"Abọ́dẹrìn."

"Abọ́dẹrìn kì í ṣe tálákà. Ẹni tí ọlọ́rọ̀ gbà lálejò kì í ṣe aláìní. Kí ó bọ́ yín."

"A ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. A ti ní ilé tiwa."

"O ní ilé?"

"Yàrá kan ni, Alfa. Èkejì ti wó."

"Ilé ni. Ẹni tó bá ní ilé kì í ṣe aláìní."

"Nígbà tí n kò ní ilé, n kì í ṣe aláìní. Nígbà tí mo ní in, n kì í ṣe aláìní. Ta wá ni aláìní, Alfa?"

"Ẹni tí a bá mọ̀," ni Alfa Badmus wí, láìbínú, ó sì na ọwọ́ sí igbá ẹni tó kàn. Ìyá àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ló tò síbẹ̀, àwọn àti àwọn ìbátan wọn. Díẹ̀ nínú wọn sanra. Kò sí ẹni tó ṣèrú. Gbogbo wọn mọ ara wọn.

Àsàmáù padà dé Ọ̀kà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò sì bá Jímọ̀ nílé. Ó mọ ibi tó wà. Jímọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà tó lọ sí abà nígbà tí Àsàmáù bá a, ó dúró síbẹ̀, kò wọlé, kò padà. Àsàmáù kò bú u. Ó ní, "Wá mu omi ná."

Nígbà tó lọ sẹ́yìnkùlé láti wá igi ìdáná, ó rí i. Orí iṣu tó gé dànù, tó dà fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti kú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò jẹ wọ́n. Òjò ti rọ̀ sí wọn. Gbogbo wọn ti hù. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Orí iṣu tí òjò bá rọ̀ sí máa ń hù. Ó ṣà wọ́n sínú agbọ̀n kan náà tó fi gbé iyán, ó gbé e sí iwájú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Gbé ọkọ́."

Iṣu kékeré ni wọ́n wa jẹ lọ́dún náà. Ebi pa wọ́n. Wọ́n jẹ ewé, wọ́n jẹ ohun tí wọn kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn kò padà sí abà.

Nígbà tí àkókò ebè tún dé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró ránṣẹ́ pe Jímọ̀. Àsàmáù tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n bá gbogbo wọn ní oko Ládélé, Abọ́dẹrìn pàápàá wà níbẹ̀.

"Kí Jímọ̀ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀," Àsàmáù wí, "lórúkọ ta ni yóò fi ro ó?"

Ẹnì kan ní kí obìnrin lọ sílé. Àsàmáù jókòó sórí ilẹ̀. Jímọ̀ wò ó, ó wo Abọ́dẹrìn, ó sì jókòó tì í. Oòrùn ń gun òkè. Oko Ládélé gbòòrò, kò sì sí ẹni tó lè kọ ebè bíi Jímọ̀ nínú wọn.

"Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀," Ládélé wí fún Abọ́dẹrìn. Abọ́dẹrìn kò sọ̀rọ̀. Ládélé wo oko rẹ̀. "Ó dáa. Lórúkọ ara rẹ̀. Lórúkọ Jímọ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ojú tì wọ́n. Ebè ni wọ́n fẹ́.

Bí wọ́n ṣe di onílé nìyẹn. Àsàmáù kò tún yàrá kejì mọ. Jímọ̀ fẹ́ tún un mọ, Àsàmáù kọ̀. Òkìtì amọ̀ náà wà níbẹ̀ títí koríko fi bò ó, ó dojú kọ ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko kó má rí i. Láti ìgbà náà, Àsàmáù kò se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ahun. Nígbà tí Jímọ̀ kú, tí àwọn ará àdúgbò wá láti jẹun, omi ló gbé fún wọn.

Ó ti darúgbó nígbà tí Memunat wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Memunat àti ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilẹ̀ Ìgbìrà, ó pọn ọmọ kan tó tínrín. Àsàmáù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Èdè wọn ni wọ́n sọ.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ará ilé wa ni yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ Abọ́dẹrìn ló gbà wá. Abọ́dẹrìn àgbà tó ti kú. Ó ní ọmọ òun ni wá."

Ọwọ́ Àsàmáù dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ó ti mú ọkọ rẹ wọ àáró?"

"Ó ti mú un wọ̀ ọ́. Ó ṣe wá lóore púpọ̀."

"Lórúkọ ta ni?"

Kò yé Memunat. Àsàmáù ṣàlàyé rẹ̀ fún un, láìyára, láìfi àánú kún un, bí ẹni tó ń fi ọ̀nà han ènìyàn. "Lọ bi í. Lójú gbogbo wọn. Kí ọkọ rẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n ebi ń pa wá. Iṣu díẹ̀ ni mo wá tọrọ."

"N kò níṣu fún ọ. Ohun tí mo ní ni mo ti fún ọ yẹn."

Memunat dìde. Omijé wà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i. "Òótọ́ ni wọ́n sọ nílùú. Ahun ni yín!"

"Ahun ni mí. Lọ bi í."

Ó lọ, ó ń ṣépè lọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àáró, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ dé oko. Ó dúró síwájú àwọn ọkùnrin náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì béèrè, ní Yorùbá tí kò tíì gbọ́ dáadáa, lórúkọ ta ni ọkọ òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ara ti ọkọ́ wọn. Ọmọ Abọ́dẹrìn wo ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí òkìtì amọ̀ wà.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yìí?"

Memunat jókòó sórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì ro. Ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó sì jókòó tì í.